Ìdí tí mo fi ń pe namespace ní agboolé, àti bí nsenter ṣe ń wọ̀ ọ́

Namespace ni ohun tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, fi ń mú kí orúkọ kan náà tọ́ka sí ohun tó yàtọ̀ fún àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀; nsenter ni irinṣẹ́ tí a fi ń wọ inú rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí "ààyè orúkọ" nínú àlàyé tí ọmọ Yorùbá kọ nípa Linux, inú mi kì í dùn. Ẹni tó kọ ọ́ mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ó là á sí méjì, ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan fi dípò rẹ̀, ó sì gbà pé òun ti túmọ̀ namespace. Ẹ sọ "ààyè orúkọ" fún Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí, kí ẹ bi í pé kí ló gbọ́: yóò ní ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù kí èèyàn lè kọ orúkọ rẹ̀ sí ni. Kò sì jẹ̀bi, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ nìyẹn.

Àwọn kan tí ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ lọ́rùn ń lo "yàrá". Mo mọ ohun tí wọ́n ń lé: wọ́n rí i pé ètò tó wà níhìn-ín kò rí èyí tó wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n yàrá a máa ya èèyàn sọ́tọ̀, kì í ya orúkọ sọ́tọ̀; bí yàrá mẹ́wàá bá wà nínú ilé kan, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn ń pè ní baálé. "Ẹ̀wọ̀n" ló wá burú jù. FreeBSD, ètò mìíràn tó jọ Linux, ti ní jail (ẹ̀wọ̀n) tirẹ̀ láti ọdún 2000, òun ló sì ni orúkọ yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux tí kò sí nínú namespace, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fi sínú kọ̀ǹténà (àpótí tí a fi ń ya ètò kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù lórí kọ̀ǹpútà kan náà) rárá, a kò sì lè pe ibi tí gbogbo wọn ń gbé ní ẹ̀wọ̀n.

Agboolé ni mo mú, n kò sì ní fi sílẹ̀. Ní agboolé kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgbà kan wà. Bí ọmọdé bá sáré wọlé tó ní Ìyá Àgbà ń pè yín, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé Ìyá Àgbà wo. Lẹ́yìn ògiri, ní agboolé kejì, ọmọ mìíràn ń sọ gbólóhùn kan náà, ẹlòmíràn ló sì ń wí. Orúkọ kan, ènìyàn méjì, kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú, nítorí agboolé tí a ti sọ ọ́ ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń wí. Ohun tí namespace ń ṣe gan-an nìyí: nọ́ńbà 1 (nọ́ńbà tí Linux fún ètò kan), /etc/hosts (fáìlì kan), eth0 (ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì), 127.0.0.1 (àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀), gbogbo wọn jẹ́ Ìyá Àgbà, a kò sì lè mọ èyí tí ètò kan ń tọ́ka sí àfi tí a bá mọ agboolé tó wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí takò mí. Ó ní inú agboolé kan ṣoṣo ni èèyàn ń gbé, nígbà tó jẹ́ pé oríṣi namespace mẹ́jọ ni Linux ní, tí ètò kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà: ti fáìlì, tó ti wà láti ọdún 2002, ti nọ́ńbà ètò, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí dé ti aago, tó dé pẹ̀lú Linux 5.6 ní ọdún 2020. (Àwọn yòókù kò yí ọ̀rọ̀ wa padà, n kò ní dárúkọ wọn.) Mo bi í pé Yorùbá wo ló jẹ́ ọmọ agboolé kan ṣoṣo. A ní agboolé bàbá, a ní agboolé ìyá. Ẹni tó jẹ́ baálé ní ilé bàbá rẹ̀, bó bá dé ilé ìyá rẹ̀, ọmọ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, yóò sì dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tó jẹ́ nọ́ńbà 1 nínú kọ̀ǹténà ṣe jẹ́ 4127 tí a bá wò ó láti ìta.

Nọ́ńbà yẹn ni mo mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí kọ̀ǹténà oníbàárà wa kan kọ̀ tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ti gé e kù débi pé kò sí bash tí a fi ń tẹ àṣẹ nínú rẹ̀, kò sí ps tó ń to àwọn ètò lẹ́sẹẹsẹ, kò sí ss tó ń fi ibi tí ètò ti ń retí ìpè lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn. Ètò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà kò sì sọ̀rọ̀. Mo tẹ nsenter -t 4127 -n ss -ltn. Lẹ́tà n yẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: agboolé nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni mo wọ̀, mo fi agboolé fáìlì sílẹ̀ sí tiwa, nítorí náà ss ti kọ̀ǹpútà wa ni mo gbé wọlé. Ká ní mo fi -m kún un ni, inú kọ̀ǹténà ni ìbá ti máa wá ss, kò sì ní í rí i. Ìlà kan ló yọ lójú mi: 127.0.0.1:8080. Ẹni tó kọ ètò náà gbà pé 127.0.0.1 tó wà nínú kọ̀ǹténà àti èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyá Àgbà ilé ẹlòmíràn ló ń pè. A yí i sí 0.0.0.0, tó túmọ̀ sí gbogbo àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀, ìdáhùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ kò le. Ẹnu ọ̀nà àwọn agboolé tí ètò kan wà nínú wọn ń bẹ nínú /proc/4127/ns, bíi fáìlì. A ó ṣí èyí tí a fẹ́, a ó sì fi í fún setns, ìpè kan sí kernel (ọkàn Linux), tí Linux 3.0 gbé dé ní ọdún 2011. Kernel yóò wo àṣẹ tí a ní, bó bá sì tó, yóò jẹ́ kí a wọlé. Nsenter, tó dé pẹ̀lú àkójọ irinṣẹ́ util-linux 2.23 ní ọdún 2013, kò ṣe ju èyí lọ kó tó gbé ètò tí a ní kó ṣe dìde. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ó ń "wọ agboolé," tí n kì í bá àwọn tó ń sọ pé ó ń "dá" agboolé sílẹ̀ sọ ọ́: agboolé ti wà níbẹ̀ kó tó dé, unshare, irinṣẹ́ mìíràn, ni iṣẹ́ dídá agboolé sílẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ti nọ́ńbà ètò ní èèwọ̀ kan tirẹ̀. Ẹni tó bá fi setns wọ̀ ọ́ kò ní gba nọ́ńbà tuntun níbẹ̀. Ọmọ tó bá bí lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé, bí ẹ bá lo -p, tí ẹ sì wo ps láti ìta, ẹ ó rí nsenter fúnra rẹ̀ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ọmọ rẹ̀ yóò fi ṣe tán.