Ètò máòsì àti kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú àbùjá bọ́tìnnì

Ètò máòsì àti kíbọ́ọ̀dù ni àtúnṣe tí ènìyàn ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí irinṣẹ́ méjèèjì lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Àbùjá bọ́tìnnì ni kí a tẹ bọ́tìnnì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, kí iṣẹ́ tí ìbá gba máòsì pẹ́ lè yá kíákíá. Àbùjá yìí, ọ̀nà tó gé kúrú, kò bá ìlú Abuja tan. Abu Ja, ọba Zazzau tó tẹ Suleja òde òní dó ní 1828, ni olú-ìlú Nàìjíríà gba orúkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, lẹ́tà ńlá nìkan ló kù tí yóò ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Wuse tàbí Garki ní Abuja, atẹ̀wé kan lè tẹ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, ìwé ìpè ìgbéyàwó Hausa lọ́sàn-án, àti ètò òkú Yorùbá kí ilẹ̀ tó ṣú. Hausa ń fẹ́ ɓ, ɗ àti ƙ. Yorùbá ń fẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Windows, ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní àtẹ lẹ́tà fún méjèèjì àti fún Ìgbò. Bọ́tìnnì Windows, èyí tó ní àmì fèrèsé lórí, pẹ̀lú I ló ń ṣí ojú ètò tí a ti ń fi wọ́n kún un. Lẹ́yìn náà, Windows pẹ̀lú Spacebar la ó máa fi bọ́ láti orí èdè kan sí òmíràn. Nínú gbogbo àbùjá, èyí ló wúlò jù fún ẹni tó ń kọ Yorùbá.

Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà àgbáyé tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà: U+1EB9, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ la ó kọ́kọ́ tẹ̀, àmì ohùn U+0301 á wá gùn ún lórí. Nítorí náà, bí a bá tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan, àmì orí nìkan ló sábà máa ń lọ, lẹ́tà á ṣì jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe pé bọ́tìnnì bàjẹ́.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù Ìlú Ọba, Shift pẹ̀lú 2 ń mú àmì àyọlò jáde, @ sì wà nítòsí Enter. Ti Jámánì fi Z sí ipò Y. Bí ètò inú rẹ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ohun tí a rí lórí bọ́tìnnì kọ́ ni yóò jáde. Kí a tó gbé e lọ fún alátùn-únṣe, kí a kọ́kọ́ yí àtẹ lẹ́tà padà.

Ní ti máòsì, Windows pẹ̀lú R, kí a sì kọ main.cpl, kí a tẹ Enter, ló ń ṣí ojú ètò tí a ti ń yí ìyára ọfà àti ìyára ìtẹ̀-ẹ̀ẹ̀mejì padà. Ọlọ́wọ́ òsì lè pààrọ̀ bọ́tìnnì méjèèjì níbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ti ọ̀tún ni yóò máa fi yan nǹkan. Bí máòsì bá kú, Alt òsì, Shift òsì àti Num Lock lápapọ̀ ń sọ àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ di máòsì: 8 ń gbé ọfà lọ sókè, 2 sísàlẹ̀, 5 ń tẹ̀. Títẹ Shift lẹ́ẹ̀márùn-ún ń pe Sticky Keys, ètò tó ń jẹ́ kí a tẹ bọ́tìnnì àbùjá lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tí kò lè tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀.

Lásìkò ọyẹ́, eruku a máa wọ abẹ́ bọ́tìnnì. PowerToys, ètò ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ Microsoft, lè gbé iṣẹ́ bọ́tìnnì tó kú fún òmíràn: bí T bá kú, Caps Lock lè máa ṣe T títí a ó fi rí kíbọ́ọ̀dù mìíràn rà.