Bí àwọn ará Ukraine ṣe ń rọ ọbẹ̀ ìgbà òtútù sínú ìgò

Ní Ukraine, ilé tí wọn kì í ti í se borscht, ọbẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi bíìtìrúùtù sè, ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2022, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ àṣà síse rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àṣà tó nílò ààbò kíákíá. Àmọ́ iṣẹ́ ọbẹ̀ yìí pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe èyí tó le jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án, nígbà tí ẹ̀fọ́ bá kún ọgbà, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú ìgò. Zapravka ni wọ́n ń pè é.

Wọn a rin bíìtìrúùtù àti kárọ́ọ̀tì, wọn a gé àlùbọ́sà, tàtàsé àti tòmátò. Òróró ni wọ́n fi ń dín bíìtìrúùtù, fínígà sì gbọ́dọ̀ tètè kàn án, torí òun ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ pupa rẹ̀ ṣá. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ a pàdé nínú ìkòkò pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀, títí yóò fi rọ̀. Gbígbóná ni wọ́n ń bù ú sínú ìgò gbígbóná tí wọ́n ti fi oru omi pa kòkòrò ara rẹ̀, wọn a sì dé e pinpin. Bó ṣe ń tutù, oru abẹ́ ìdérí a di omi, afẹ́fẹ́ òde a sì tẹ ìdérí náà wọnú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé híhó nìkan ló ń dáàbò bo ìgò. Rárá o. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, inú ilẹ̀ ló ń gbé, inú ilẹ̀ náà sì ni bíìtìrúùtù àti kárọ́ọ̀tì ti ń jáde. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi tó hó dé 100°C. Ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ló sì ti ń gbèrú, bí inú ìgò tí a dé pa. Májèlé rẹ̀ ń pani, ọbẹ̀ náà sì lè má rùn rárá.

Kíkan ló ń dí i lọ́wọ́: bí pH, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn kíkan, bá lọ sílẹ̀ ju 4.6 lọ, kò lè hù; bí òǹkà náà bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe ń kan tó. Bíìtìrúùtù, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà, gbogbo wọn ló wà lókè ìyẹn. Tòmátò ń ṣe ségesège lórí ààlà. Ẹni tó bá dín fínígà kù nítorí adùn ń fi ẹ̀mí ṣeré. Kó fi ṣúgà kún un ló dáa jù. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń lọ tòmátò, tàtàsé àti rodo sínú ìgò nígbà tí wọ́n bá pọ̀ lọ́jà: ata kò kan tó. Fíríìsà ló yẹ ẹ́, bí iná bá wà.

Àwọn kan a tún dojú ìgò délẹ̀, wọn a fi kúbùsù bò ó di ọjọ́ kejì. Àwọn onímọ̀ ààbò oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ èyí. Síse ìgò tó ti kún nínú omi ni wọ́n fẹ́. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá wú, dídànù ni.

Nígbà òtútù, omi egungun màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ a kọ́kọ́ hó, pòtétò a wọlé, kábéèjì a tẹ̀lé e. Wọn kì í tètè da ìgò sí i, torí bí fínígà bá kan pòtétò tí kò tíì jinná, ńṣe ló máa le koko. Ó di ìgbà tí pòtétò bá rọ̀ kí zapravka tó wọ ìkòkò, kó hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n fi aáyù sí i, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀.