Ọkọ̀ tó dúró náà ń jẹun

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Peckham ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí omi márùn-ún, tí wọ́n ga bí ilé alájà mẹ́wàá, ni wọ́n gbé orí lé etíkun Aliağa ní ilẹ̀ Tọ́kì lọ́dún 2020. Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi mọ́tò tí mẹkáníìkì ti pa tì. Wọ́n tilẹ̀ ti ń gé àwọn kan lára wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: “Àbúrò, wo iṣẹ́ ọwọ́ kòrónà. Àwọn ọkọ̀ arúgbó àti àwọn kọ́ńpìnnì kéékèèké, gbogbo wọn ló gbá lọ.”

Ẹ̀gbọ́n nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọni létí gan-an: àrùn tó ń le mọ́ arúgbó, ó pa ọkọ̀ arúgbó, àrùn tó ń mú aláìlágbára, ó mú kọ́ńpìnnì tí kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi àwòrán yẹn léèrè. Mẹ́ta nínú ọkọ̀ márààrún, ìyẹn Carnival Fantasy, Inspiration àti Imagination, ti Carnival ni wọ́n, kọ́ńpìnnì ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó tóbi jù lágbàáyé. Inspiration ò tíì pé ọdún 25, nítorí 1996 ni wọ́n kàn án. Méjì tó kù, Sovereign àti Monarch, ti Pullmantur ti ilẹ̀ Spéìn ni, Royal Caribbean, kọ́ńpìnnì ńlá mìíràn, sì ní ìpín 49 nínú 100 níbẹ̀ nígbà náà. Ibo wá ni kékeré wà níbẹ̀?

Ìgbàgbọ́ yìí ní ìyá tó bí i, ìyá náà ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ bá wí. Òun ni èrò pé ọkọ̀ tí kò rìn kì í náwó.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Lálẹ́ 30 oṣù Kẹta 2020 tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, mo gbé Corolla mi sẹ́yìn ilé, inú mi sì ń dùn pé owó epo ti wọlé sápò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo padà lọ wò ó, bátìrì ti kú, táyà ẹ̀yìn kan ti jókòó sílẹ̀, eku sì ti fi wáyà inú ẹ́ńjìnnì ṣe oúnjẹ alẹ́. Owó tí rewáyà gbà lọ́wọ́ mi ju epo oṣù méjì lọ. Corolla nìyẹn o, tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kò ṣeé pa kí èèyàn fi kọ́kọ́rọ̀ sápò. Ìlú ni. Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú, nítorí iná yẹn ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀, àti èyí tó ń ṣọ́ bí nǹkan bá ń jó. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá fi lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú ooru òkun, kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù àti kọ́tìnì inú yàrá á bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Omi tó bá sì dá dúró nínú páìpù, kòkòrò Legionella, tó máa ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, á fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Nítorí náà, ẹnì kan ní láti máa ti yàrá bọ́ sí yàrá. Á ṣí omi ìwẹ̀, á jẹ́ kó ṣàn dáadáa, á fi omi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á kọjá sí èyí tó kàn. Kọ̀rídọ̀ gùn bí àdúgbò, kò sóhùn èrò kankan, omi nìkan ló ń dún. Bó bá parí àjà kan, àjà mìíràn ń dúró dè é, bó bá sì parí gbogbo rẹ̀, ó ti tó àsìkò láti bẹ̀rẹ̀ padà.

Nísàlẹ̀, níbi tójú ò tó, ewédò àti ìkarawun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ara irin. Lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá dúró ni wọ́n ń pọ̀ sí i, tí ọkọ̀ bá sì máa rìn padà, epo ni yóò fi gbà á. Èbúté ń gba owó ibùdúró. Onínṣọ́ránsì ń gba tirẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́dọọdún, torí ìwé ẹ̀rí ààbò ọkọ̀ tó ń kó èrò kì í ju ọdún kan lọ. Carnival fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ nígbà náà pé bí dọ́là mílíọ̀nù 650 ni yóò máa bá òun lọ lóṣooṣù ní ìdajì kejì ọdún 2020. Royal Caribbean sọ pé tòun á wà láàárín mílíọ̀nù 250 sí 275. Owó tí wọ́n ń ná láìgbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi òfin dá ọkọ̀ ìgbafẹ́ dúró ní 14 oṣù Kẹta 2020, ó sì di 26 oṣù Kẹfà 2021 kí ọkọ̀ ńlá àkọ́kọ́, Celebrity Edge, tó kó èrò tó sanwó kúrò ní Fort Lauderdale. Ẹ ka oṣù tó wà láàárín rẹ̀.

Bí gbogbo wọn bá ń jẹ gbèsè bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn kan fi yè é?

Ní oṣù Kẹrin 2020, Carnival yá bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ́jà owó, èlé rẹ̀ jẹ́ 11.5 nínú 100 lọ́dún. Èlé olójú kíkan ni, ṣùgbọ́n wọ́n rí i yá, nítorí wọ́n ní ọkọ̀ rẹpẹtẹ tí wọ́n lè fi ṣe onídùúró. (Ìjọba Amẹ́ríkà ò yọ wọ́n o. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ṣètò fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò kan kọ́ńpìnnì tí kò bá forúkọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ Panama ni Carnival fi orúkọ sí nígbà náà, Royal Caribbean fi tirẹ̀ sí Làìbéríà níbí. Ẹni tó bá sá fún owó orí kì í padà wá jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó.)

Kọ́ńpìnnì kékeré ńkọ́? Ẹ wo tẹ́lọ̀ àdúgbò. Owó tí ẹ san fún aṣọ Kérésì ló fi ń ra òwú aṣọ Iléyá ẹlòmíràn. Kò jalè, bí iṣẹ́ bá ṣáà ń wọlé, gbogbo aṣọ á jáde. Ọjọ́ tí iṣẹ́ tuntun bá dáwọ́ dúró, tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ẹ dá owó mi padà, ọjọ́ yẹn ni àṣírí tú. Bí ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì ọkọ̀ ìgbafẹ́ kékeré ṣe ń gbé ayé nìyẹn: owó tí èrò san sílẹ̀ fún ìrìn àjò ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fi ra epo tòní.

Èyí tí mo mọ ìtàn rẹ̀ jù ni Cruise & Maritime Voyages, CMV, tó ń gbéra láti Tilbury lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í fẹ́ ariwo ọmọdé ni oníbàárà rẹ̀, ọkọ̀ mẹ́fà ló sì ń lò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gbó. Nígbà tí ìrìn àjò dúró ní oṣù Kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ há mọ́ inú ọkọ̀, Íńdíà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ní oṣù Kẹfà, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì de márùn-ún nínú àwọn ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, tí àdéhùn iṣẹ́ wọn ti parí tí wọn ò sì rí ọ̀nà lọ sílé. Ní 9 oṣù Keje, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fáwọn aráàlú pé kí wọ́n má wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀, CMV kógbá sílé.

Wọ́n wá lu márùn-ún nínú ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà ní gbàǹjo. Marco Polo, tí wọ́n kàn ní Wismar ní Ìlà-Oòrùn Jámánì lọ́dún 1965 fún àwọn ará Rọ́ṣíà, lọ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.77 dọ́là. Astor lọ ní 1.7. Ilé kan ní Ìkòyí lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìíní 2021, Marco Polo ti wà ní Alang ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti máa ń dúró de ìgbà tí omi òkun bá kún, kí wọ́n tó fi eré buruku darí ọkọ̀ gun iyanrìn. Tómi bá ti fà sẹ́yìn, àwọn tó ń figáàsì gé irin á dé. Àwo, bẹ́ẹ̀dì, àga, díńgí ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì, bí ẹ ṣe máa rí ìdajì mọ́tò ní Ládípọ̀. Àwọn àgbà wa tó bá Aureol ti Elder Dempster lọ kàwé ní Liverpool láyé ọjọ́un lè má mọ̀ pé Alang yìí náà ni ọkọ̀ wọn parí sí, ní 2001. Kò sí kòrónà nígbà náà.

Ó dáa, ogbó ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìbejì kan fún yín.

Ní Monfalcone nílẹ̀ Ítálì, wọ́n kan ọkọ̀ méjì tó jọra bí ojú àti ojú. Crown Princess jáde ní 1990, Regal Princess tẹ̀ lé e ní 1991. Orí wọn rí rogodo bíi ti ẹja ńlá. Renzo Piano, ayàwòrán ilé ọmọ Ítálì, ló ya bí ara wọn ṣe máa rí. Àwọn méjèèjì jọ lọ ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà lábẹ́ kọ́ńpìnnì P&O, wọ́n yí orúkọ wọn padà sí Pacific Jewel àti Pacific Dawn. Táyé àti Kẹ́hìndé gan-an nìyẹn.

Ní 2019, Táyé bọ́ sọ́wọ́ kọ́ńpìnnì tuntun kan ní Mumbai, Jalesh, wọ́n sọ ọ́ ní Karnika. Ọdún kan péré ni wọ́n ti fi ṣòwò kí gbogbo ayé tó tilẹ̀kùn. Wọn ò ní òwò mìíràn lórí omi tí wọ́n lè fara tì. Ní oṣù Kẹwàá 2020, Jalesh dáwọ́ dúró, kí ọdún tó parí, Karnika ti wà lórí iyanrìn Alang.

Kẹ́hìndé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Àwọn kan tó fẹ́ràn bitcoin rà á, wọ́n pè é ní Satoshi, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ìlú tó léfòó lórí omi Panama. Àdójútòfò ni ò gbà fún wọn: kò sẹ́ni tó fẹ́ fún ìlú bẹ́ẹ̀ ní inṣọ́ránsì. Wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ tà á fáwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù. Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Ambassador Cruise Line, kọ́ńpìnnì kékeré tuntun tí àwọn ọ̀gá CMV àná wà nídìí rẹ̀, fi fowó kálẹ̀ tó rà á. Ní oṣù Kẹrin 2022, pẹ̀lú orúkọ tuntun, Ambience, ó kó èrò kúrò ní Tilbury, èbúté tí CMV ti kú.

Ọjọ́ orí kan náà, ibi ìkànlẹ̀ kan náà, ara kan náà. Ẹ ò lè fi ogbó ṣàlàyé èyí fún mi.

Ẹ tún wo Fred. Olsen, kọ́ńpìnnì kékeré tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin nígbà náà, tí ẹbí kan láti Nọ́wè ní. Òun ló ni Braemar, ọkọ̀ tí kòrónà wọ̀ ní oṣù Kẹta 2020, tí ọ̀pọ̀ èbúté Kàríbíà ò fẹ́ rí i sójú títí tí Kúbà fi jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ní Mariel, kí wọ́n bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ òótọ́, ìyẹn ì bá ti pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje kan náà tí CMV kógbá sílé, Fred. Olsen lọ ra ọkọ̀ méjì lọ́wọ́ Holland America, wọ́n sì mú àwọn méjì tó ti pẹ́ jù kúrò lójú omi. Ọkọ̀ wọn Balmoral tọ́dún 1988, ẹgbẹ́ Sovereign tó wà nínú àwòrán ẹ̀gbọ́n, sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹbí yẹn ní òwò mìíràn: iná mànàmáná láti inú afẹ́fẹ́, ọkọ̀ onírúurú. Owó wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fi bọ́ ọkọ̀ tó dúró.

Èmi ò sọ pé ọjọ́ orí ò já mọ́ nǹkankan. Ó já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ báńkì ló ti ń jà. Ọkọ̀ ọdún 30 tí ẹ bá gbé síwájú ẹni tó ń yáni lówó, irin rẹ̀ ló máa wò. Ó mọ̀ pé epo rẹ̀ pọ̀. Ó mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 2020, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọkọ̀ òkun ti fi dandan lé e pé ìmí ọjọ́ inú epo kò gbọdọ̀ ju 0.5 nínú 100 lọ, bẹ́ẹ̀ 3.5 ni tẹ́lẹ̀. Epo tó mọ́ wọ́n. Kódà ní 2010, òfin iná nìkan ti lé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí pákó pọ̀ nínú wọn kúrò lójú òkun láìsí ẹni tó kọ́ ikọ́ kankan.

Crystal Symphony tọ́dún 1995 ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Kòrónà ò pa ẹni tó ni ín ní 2020. Ní oṣù Kìíní 2022, nígbà tí ọkọ̀ ti ń rìn padà, ni Genting Hong Kong tó ni ín wọ gbèsè. Ọkọ̀ ń bọ̀ ní Miami, wọ́n gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n mú un nítorí owó epo tí wọn ò san. Kápútéènì yí orí ọkọ̀ padà sí Bimini ní Bahamas, tèròtèrò. Ẹlòmíràn wá rà á, wọ́n tún un ṣe ní Ítálì, ó padà sójú omi ní 2023. Kọ́ńpìnnì ló kú, ọkọ̀ ò kú.

Mo kó gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ó gùn jù fún WhatsApp, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí nípa ọkọ̀ kẹfà CMV, èyí tí mi ò tíì dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i: Astoria. Òun ló dàgbà jù. Ní 1946 ni wọ́n sọ ọ́ sómi, Stockholm lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Òun ló kọ lu Andrea Doria nínú kùrukùru lẹ́bàá Nantucket ní 1956, Andrea Doria rì, òun kò rì. Kódà kòrónà ò rí i tú palẹ̀. Ó dé Rotterdam ní ìparí 2020, ó sì dúró síbẹ̀ ọdún mẹ́rin ó lé, wọ́n ń wá ẹni tó máa rà á, owó ibùdúró ń gorí ara wọn. Ní 2025 ni wọ́n fà á lọ sí Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù láti lọ gé e.