Omi Ọṣẹ Ghent Ni Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà pé ta ló kọ́kọ́ fi ohun tí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ wá ìdáhùn sí ìṣòro àṣàyàn (ìyẹn wíwá èyí tó dára jù láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀nà), John Hopfield, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024 ni wọn yóò dárúkọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ilé Joseph Plateau, onímọ̀ físíìsì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ni ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú mélòó kan tí a fẹ́ fi ọ̀nà so pọ̀, kí àpapọ̀ ọ̀nà náà kúrú jù lọ. A láyè láti dá oríta sí ibi tó bá wù wá. Oríta mélòó? Ìlú wo ni yóò bá èwo pàdé? Bí ìlú ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ìsopọ̀ ń di àìlóǹkà. Ti ìlú mẹ́ta ti wà nílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: Fermat onímọ̀ ìṣirò béèrè, Torricelli ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn. Bí igun kankan nínú onígun mẹ́ta náà kò bá tó dígírì 120, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi oríta á jẹ́ 120 géérégé.

Igun 120 yìí kan náà ni Plateau bá pàdé níbi tí awọ ọṣẹ mẹ́ta ti so pọ̀. Ó po ọṣẹ mọ́ gílísárìnì kí awọ náà má tètè bẹ́, ó sì ń ri wáyà bọ̀ ọ́. Ní 1873 ló tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ ti fọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú; Félix ọmọ rẹ̀ àti Van der Mensbrugghe ọkọ ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń bá a wò ó. Ẹni tí wọ́n ń ròyìn awọ ọṣẹ fún lójoojúmọ́ báyìí, ṣé kò ní fura pé awọ náà ń yan ọ̀nà? Èrò tèmi ni pé ó fura.

Ẹ gbé dígí méjì sún mọ́ra, kí ẹ fi ìṣó mẹ́rin sáàárín wọn ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Ẹ rì wọ́n sínú omi ọṣẹ, kí ẹ fà wọ́n yọ. Àpapọ̀ ìlà méjì tó dábùú ara wọn láàárín á gùn tó 2.83. Awọ ọṣẹ kì í dúró síbẹ̀, torí ó máa ń sún kì kó lè kéré sí i: á sún, á ya, á dá oríta méjì sílẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ á sì wá di 2.73. Courant àti Robbins fi irú èyí sínú ìwé ìṣirò wọn ní 1941. Àléébù rẹ̀ ni pé awọ náà lè fìdí kalẹ̀ síbi tó dára láìdé ibi tó dára jù.

Àìsàn yẹn gan-an ló bá iṣẹ́ Hopfield jà. Ní 1985, òun àti Tank fi 100 sẹ́lì ọpọlọ àfọwọ́ṣe wá ọ̀nà fún alájàpá tó fẹ́ yí ìlú 10 ká. Ní 1988 Wilson àti Pawley tún un ṣe, àbájáde rẹ̀ kò sì dára tó bẹ́ẹ̀. Àrùn ìdílé ni. Bí ẹlòmíràn bá sì dárúkọ ọ̀mọ̀wé Roger Brockett, tó fi ìdọ́gba tí ń yí díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń ṣàn to nọ́ńbà lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀yìn Hopfield ni tirẹ̀ dé, kò lè jẹ́ orísun.

Ní 2011 àwọn olùwádìí Ercsey-Ravasz àti Toroczkai kọ ìdọ́gba fún irú ìṣòro àṣàyàn yìí, tí kì í há sí ibi tí kò tọ́, àmọ́ tó máa ń ta gìrì kiri bí ìṣòro bá le. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2016, ìlànà ìṣirò ti ilé-iṣẹ́ Toshiba sì dé ní 2019.