Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú omi inú ìléru ìta gbangba

Ìléru ìta gbangba jẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, tí wọ́n máa ń gbé sí àgbàlá, tí wọ́n sì ń fi igi dá iná sí. Wọ́n ń lò ó ní ìgbèríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Omi ló yí àpótí iná rẹ̀ ká. Bí omi náà bá ti gbóná, pọ́ọ̀ǹpù á tì í gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé. Á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, á sì padà wá gba òmíràn. Omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ọdọọdún. Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ̀yìn ògiri irin, níbi tí ojú kò tó, ló ti ń ṣọṣẹ́. Àyẹ̀wò omi ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Ohun tó ń jẹ irin

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìléru yìí ní ihò sí afẹ́fẹ́, kí ooru má baà há mọ́ inú wọn kí wọ́n sì bẹ́. Ààbò gidi ni, àmọ́ ihò yìí náà ni ọ́síjìn ń gbà wọlé. Lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn mọ́ra. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni èyí tó lè gbà ń dín kù. Nítorí náà, omi tútù tí wọ́n bá bù kún ìléru ń kó ọ́síjìn tuntun wá, irin á sì dípẹtà.

Omi tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀ ní kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù púpọ̀. Bó bá gbóná, èérí funfun á lẹ̀ mọ́ irin bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùrù. Èérí yìí kì í jẹ́ kí omi gba ooru kúrò lára irin, irin náà á gbóná kọjá ààlà, ó sì lè sán. Omi inú ìléru tún ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èròjà inú rẹ̀ kì í bá a lọ.

Àyẹ̀wò

Ìgbà tí pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń bu omi. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí táàpù ṣàn díẹ̀ kí ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ jáde, wọ́n á fi omi náà ṣan ìgò, kí wọ́n tó bu èyí tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Omi náà gbọ́dọ̀ tutù kí pépà àyẹ̀wò tó kàn án.

pH ni òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó tàbí bó ṣe dà bí omi eérú tó. Omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 kò kan, kò sì dà bí omi eérú. Ti inú ìléru sábà máa ń ju 8 lọ, nítorí irin kì í tètè dípẹtà níbẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba alumíníọ̀mù jẹ́, torí náà ìwé tí olùṣe ẹ̀rọ kọ ló yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé.

Náítíráìtì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń dà sí omi náà. Ó ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo irin. Bí kò bá tó, ó léwu: ibi tí kò bò ni ìpẹtà á kó ara jọ sí, tí á sì dá ihò síbẹ̀. Bí náítíráìtì bá dín kù, ó yẹ kí wọ́n wo bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná sí. Bí ìyẹn náà bá lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi máa jò níbì kan, kí omi tuntun sì ti là á. Bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bakitéríà ló ń jẹ oògùn náà.

Ṣáájú ìgbà òtútù ni àyẹ̀wò ṣe pàtàkì jù, àti lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá bu omi púpọ̀ kún un.

Ìtọ́jú

Bí ẹrẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀, wọ́n ní láti tú omi dànù kí wọ́n sì ṣan inú ìléru kí wọ́n tó da oògùn, nítorí irin lè máa jẹ lábẹ́ ẹrẹ̀ náà. Omi òjò kò ní èérí funfun, àmọ́ ó kan díẹ̀, òun náà sì nílò oògùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìléru ń sinmi, omi tó ní oògùn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú rẹ̀, torí irin tí omi ṣì wà lára rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀, tètè ń dípẹtà.

Omi yìí kì í ṣe mímu. Náítíráìtì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé ọ́síjìn dáadáa, nítorí náà páìpù ìléru kò gbọdọ̀ ní ìdàpọ̀ kankan pẹ̀lú ti omi mímu.