Ọba sèbé

Ọba sèbé, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní king cobra, ni ejò olóró tó gùn jù lọ láyé. Gúúsù Éṣíà àti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ló ń gbé, láti Íńdíà àti Nẹpál títí dé gúúsù Ṣáínà, Táíláǹdì, Màléṣíà, Indonéṣíà àti Filipínì. Inú igbó ló ti wọ́pọ̀ jù, pàápàá níbi tí odò wà nítòsí. Púpọ̀ nínú wọn ń gùn tó mítà 3 sí 4. Ọ̀kan tí wọ́n mú ní Màléṣíà ní 1937, tí wọ́n gbé lọ sí ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, gùn tó mítà 5.71 ní 1939.

Ejò ni olórí oúnjẹ ejò yìí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìran rẹ̀, Ophiophagus, wá láti inú èdè Gíríìkì, "ajejò" ló sì túmọ̀ sí. Ó ń jẹ ejò aláìlóró, ó ń jẹ erè kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ sèbé àti paramọ́lẹ̀ sílẹ̀. Kódà, ó máa ń gbé irú ara rẹ̀ mì. Bí ejò bá wọ́n, ó máa ń jẹ awọ́nrínwọ́n. Ahọ́n rẹ̀ tó là sí méjì ló fi ń tọ ipa òórùn ẹran, ojú rẹ̀ sì ríran dáadáa ju ti ọ̀pọ̀ ejò lọ.

Òun náà máa ń fẹ́ ọrùn bí sèbé, àmọ́ ìran ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe Naja tí àwọn sèbé gidi wà. Ìpẹ́ ńlá méjì tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀. Bí inú bá bí i, ó lè gbé nǹkan bí ìdámẹ́ta ara rẹ̀ nàró, kí ó sì kùn bí ajá tó ń bínú.

Oró rẹ̀ ń kọlu iṣan ara títí tí ẹni tó bù jẹ kò fi ní lè mí mọ́. Bí a bá díwọ̀n rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, oró àwọn ejò kan le jù ú lọ. Iye tó ń tú sára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló mú kí ewu rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń pa oró náà wà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é ni iléeṣẹ́ ìwádìí Queen Saovabha ní Bangkok.

Ohun tó yani lẹ́nu jù lára rẹ̀ ni ìtẹ́. Ejò kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ abo ọba sèbé ń fi ìká ara rẹ̀ wọ́ ewé gbígbẹ jọ títí yóò fi di òkìtì. Inú rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ó sábà máa ń tó 20 sí 40, ewé tó ń jẹrà sì ń mú wọn móoru. Abo náà á wá dúró tì í, á máa ṣọ́ ọ, oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹyin fi ń pa. Àwọn ọmọ ti ní oró láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde.

Láti 1836 tí Theodore Cantor ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí fún ìgbà pípẹ́. Ní 2024 ni àwọn onímọ̀ pín in sí mẹ́rin (O. dúró fún Ophiophagus): O. hannah, O. bungarus, O. kaalinga ti òkè Western Ghats ní Íńdíà, àti O. salvatana ti erékùṣù Luzon ní Filipínì. Ṣáájú ìpín yìí ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹranko tí ìparun lè dé bá, nítorí igbó tí wọ́n ń gé àti nítorí àwọn tó ń pa á fún awọ àti ẹran.