Ìjánu: ohun tó ń mú káìtì fò bí ẹyẹ

Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ó na apá méjèèjì gbalaja, kò jù wọ́n, ó kàn ń rọra yí po lójú ọ̀run bí ẹni pé wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó pẹ́ yóò máa rò pé kò le láti ṣe káìtì, ohun ìṣeré tí à ń fi okùn fò, tó máa jọ ọ́: ọparun méjì, ọ̀rá fẹ́lẹ́, ká gé e bí ẹyẹ, ká so òwú mọ́ ọn, ó parí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, orúkọ àwòdì ni wọ́n fi sọ ohun ìṣeré yìí. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ ń jẹ́ kite kí orúkọ náà tó kan ti bébà.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe rẹwà lójú. Mo kun ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ya ojú fún un, mo gé ìdí ìrù rẹ̀ bíi tàwòdì. Mo jù ú sókè, ó ga tó òrùlé ilé, ó dà sí òsì, ó pòòyì bí òkòtó, ó fi imú gúnlẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún pòòyì. Nígbà tó yá, mo so aṣọ gígùn mọ́ ọn nídìí. Kò pòòyì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ wo ló ń wọ́ àkísà kiri ojú ọ̀run?

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹ́ ló kù. Àwòdì tí ẹ rí tó dúró bí ère yẹn kò dúró rárá. Ó ń tẹ ṣóńṣó apá kan sílẹ̀, ó ń lọ́ ìrù sọ́tùn-ún sósì, ó ń fa apá wọlé díẹ̀ bí atẹ́gùn bá le. Ọpọlọ rẹ̀ kò sinmi. Káìtì ò lọ́pọlọ. Gbogbo ohun tí ẹyẹ ń fi ọpọlọ ṣe, ẹni tó ń ṣe káìtì gbọ́dọ̀ ti dì í sínú igi àti okùn kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí à ń di èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí ni ìjánu.

Ìjánu káìtì kì í ṣe okùn gígùn tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fò ó. Okùn kúkúrú ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tó di káìtì mú lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn, tí àwọn ẹsẹ̀ náà wá pàdé ní kókó kan. Kókó yẹn ni okùn gígùn ń so mọ́. Bíi ti ẹṣin náà ni: kì í ṣe agbára tí a fi fà á ló ń darí ẹṣin, ibi tí ìjánu ti dì í mú ni. Nínú àwọn káìtì ẹyẹ kan, aṣọ onígun mẹ́ta ni wọ́n ń rán sábẹ́ àyà rẹ̀ dípò ẹsẹ̀ okùn, wọ́n á wá lu ihò sí ṣóńṣó aṣọ náà. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹyẹ gidi ní egungun tó yọ síta láyà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ iṣan apá ló so mọ́ tirẹ̀, kì í ṣe òwú.

Kí wá ni ìjánu ń ṣe? Ẹ mú páálí pẹlẹbẹ kan dání, ẹ dojú kọ atẹ́gùn. Bí ẹ bá na páálí náà gbọọrọ, tó jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ló kojú atẹ́gùn, kò ní ṣe nǹkan kan. Atẹ́gùn á gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ wá gbé etí iwájú sókè díẹ̀. Ẹ óò rí i pé ó fẹ́ gòkè kúrò lọ́wọ́ yín: òun ń ti atẹ́gùn sísàlẹ̀, atẹ́gùn náà ń ti òun sókè. Ẹ tún gbé e sí i títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóròó. Kò gòkè mọ́, ẹ̀yin ló ń tì sẹ́yìn. Bí apá ṣe gbé iwájú sókè sí atẹ́gùn yẹn ni mò ń pè ní igun ìkojú, igun ìkojú sì ni ọ̀gá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá kéré jù, káìtì kò ní gbéra. Bó bá pọ̀ jù, atẹ́gùn tó ń rọ́ kọjá lẹ́yìn apá kò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Á tú kúrò, agbára tó ń gbé e sókè á sì já lójijì. Fún apá tó tẹ̀ dáadáa, nǹkan bíi dígírì 15 ni ìjákulẹ̀ yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wò ó nígbà tó bá fẹ́ bà: ìyẹ́ kékeré kan wà níwájú apá rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò ì bá wà, tó máa ń nà sókè kí atẹ́gùn má bàa tètè tú kúrò lẹ́yìn apá.

Káìtì ò ní àtàǹpàkò. Kókó ìjánu ló ní. Bí ẹ bá sún kókó náà síwájú, sí ọ̀nà imú, igun ìkojú á kéré: káìtì á gòkè lọ sókè orí yín, kò ní fà púpọ̀. Bí ẹ bá sún un sẹ́yìn, igun á pọ̀: á máa fà bí ìyá ewúrẹ́, á jìnnà lọ síwájú yín nísàlẹ̀, á sì máa mì. Mìlímítà 5 péré tó láti yí gbogbo rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ má ta kókó náà pa. Òrùka kékeré ni mo máa ń lò, tí mo fi ojóbó kọ́ mọ́ ìjánu, kí n lè fi èékánná sún un síwájú sẹ́yìn lórí pápá láìtú nǹkan kan.

Wọ́n ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Káìtì ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Bí ẹ̀fúùfù bá ta á nídìí, ilẹ̀ ló ń bọ̀, nítorí àtakò ló fi ń gbé: atẹ́gùn ń tì í lọ, okùn ní kò gbọ́dọ̀ lọ, àárín àwọn méjèèjì ló rọ̀ mọ́. Ta ló wá di àwòdì mú tí kò fi ní okùn? Ìwúwo ara rẹ̀ ni. Ẹyẹ tó na apá láìjù ú ń já bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú, bí ọmọdé tó ń yọ̀ lórí ìdagẹ̀rẹ̀, jíjá bọ̀ yẹn ló sì ń fún un ní atẹ́gùn tó ń kojú. Ká ní atẹ́gùn gbígbóná tó ń ru sókè ló wà lábẹ́ rẹ̀, á máa já bọ̀ nínú ohun tó ń gòkè, ojú wa á sì rí i pé ibì kan náà ló wà. Ìwúwo ń ṣe fún ẹyẹ ohun tí okùn ń ṣe fún káìtì.

Ibí gan-an ni mo ti ń mọ káìtì tó jọ ẹyẹ yàtọ̀ sí èyí tó ń fò bí ẹyẹ. Ẹ mú un wọ yàrá tí atẹ́gùn ò sí, ẹ tú okùn kúrò, ẹ rọra jù ú síwájú. Bó bá wó lulẹ̀ bí ewé, àwòrán ẹyẹ ni ẹ ṣe. Bó bá yọ̀ lọ lófuurufú títí tó fi bà, ẹ ti ń sún mọ́ ọn. Ohun tó sábà máa ń kù ni ìwúwo níwájú: wáyà díẹ̀ tí a ká mọ́ imú ti tó. Irú káìtì bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá dẹ okùn lójú ọ̀run, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Á tẹ imú sílẹ̀ díẹ̀, á yọ́ lọ síwájú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá tún fa okùn, á gòkè. Ẹni tó wà lókèèrè kò ní rí okùn náà rárá.

Ọ̀rọ̀ pípòòyì tó ba tèmi jẹ́ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ti ìjánu, ti apá ni. Mo ṣe apá náà pẹlẹbẹ nítorí pé pẹlẹbẹ ni mo rí tàwòdì, n kò sì mọ̀ pé jíjọ náà ló ń pa mí lára. Àwòdì lè na apá rẹ̀ pẹlẹbẹ nítorí ó ní ìrù tó ń lọ́ àti ọpọlọ tó ń ṣọ́ ọ. Ohun tí kò bá ní ọpọlọ gbọ́dọ̀ gbé ṣóńṣó apá méjèèjì sókè ju ẹ̀yìn lọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá wò ó láti iwájú, ó dà bí ẹni tó la ọwọ́ fún àdúrà. Bí irú rẹ̀ bá dà sí òsì, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sọ́wọ́ òsì, atẹ́gùn á wá máa ta apá òsì náà lábẹ́ ju ti ọ̀tún lọ, á sì gbé e padà. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Lórí apá tó gùn tó mítà kan láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, sẹ̀ǹtímítà 9 ni mo máa ń gbé ìkọ̀ọ̀kan sókè. William Eddy ní Amẹ́ríkà tẹ ọ̀pá ìbú káìtì rẹ̀ bí ọrun ní àwọn ọdún 1890, bí àwọn ará Malay ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ti ń ṣe tipẹ́, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìrù aṣọ. Ní 1894, wọ́n fi káìtì rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru lọ sókè ní Blue Hill, ní Massachusetts.

Àwọn ọmọ ìyá Wright, àwọn ará Amẹ́ríkà tó wá ṣe ọkọ̀ òfuurufú, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1899, kí wọ́n tó kan ọkọ̀ òfuurufú kankan, káìtì onípele méjì kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀. Wọ́n ti rí i pé ẹyẹ ń lọ́ ṣóńṣó apá rẹ̀ láti fi dúró ṣinṣin. Okùn mẹ́rin ni wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n fi igi méjì mú un lọ́wọ́, wọ́n sì ń lọ́ apá náà láti ilẹ̀. Wọ́n kó ọpọlọ ẹyẹ sọ́wọ́ ara wọn nìyẹn.

Ìwúwo kò gba àwàdà. Àwòdì dúdú fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 140, kò sì wúwo tó kìlógíráàmù kan. Káìtì tó bá fẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì wúwo bẹ́ẹ̀, orí ilẹ̀ ni yóò máa gbé, àfi bí atẹ́gùn líle bá ń fẹ́. Ìdí ni pé ẹyẹ lè sáré wá atẹ́gùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá fẹ́ wá ni káìtì máa ń gbà. Bí atẹ́gùn bá ń sáré mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, apá tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta aṣọ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lè gbé nǹkan bíi gíráàmù 200. Gíráàmù 90 ni tèmi, ó ṣẹ́kù díẹ̀ fún fífà okùn. Ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà ní Mozi, ọlọ́gbọ́n kan níbẹ̀, fi ọdún mẹ́ta kan ẹyẹ onígi, ó sì fò fún ọjọ́ kan péré kó tó bàjẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe káìtì rí kò ní fìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ẹ̀fúùfù òjijì. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti apá kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ẹyẹ á fa apá wọlé. Ọparun kò lè fà wọlé, ṣùgbọ́n ó lè tẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń há ọ̀pá iwájú apá kó nípọn nídìí, kó tín-ín-rín lọ títí dé ṣóńṣó bí ìgbálẹ̀. Bí ẹ̀fúùfù bá dé, ṣóńṣó náà á tẹ̀ sẹ́yìn, atẹ́gùn á dànù níbẹ̀, kò ní dé ìjánu. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ bákan náà. Mo máa ń la ọparun kan ṣoṣo sí méjì kí apá méjèèjì lè jẹ́ ọmọ ìyá. Mo á há wọn, mo á so wọ́n pọ̀ nídìí, mo á gbé oríta wọn lé ìka kan. Apá tó bá tẹ̀ sílẹ̀ ni ọ̀bẹ ń lọ bá: kì í ṣe gígé o, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo fi ń fá a, tí ìyẹ̀fun ọparun á máa já bọ́. Bí méjèèjì bá dọ́gba lórí ìka, mo á tún fi òwú kan náà fa ṣóńṣó wọn, kí n wò ó bóyá ọ̀kan le ju èkejì. Iṣẹ́ yìí máa ń gbà mí tó wákàtí méjì, àwọn tó ń wò mí sì máa ń rò pé eré ni.

Àwọn kan á bèèrè pé ṣé kò ní máa ju apá ni. Ó lè jù ú: ẹ fi ìdè tó ń ṣí so apá mọ́ ara, ẹ fi rọ́bà fà á sísàlẹ̀, atẹ́gùn á máa tì í sókè, rọ́bà á máa dá a padà. Ó dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ń ju apá kó lè rìn síwájú ni, okùn sì ti ń ṣe ìyẹn fún káìtì, nítorí náà ìjùpá yẹn kò gbé e ga ju bó ṣe wà lọ. Bí ṣóńṣó apá yín bá rọ̀ dáadáa, ẹ kàn máa fa okùn, ẹ máa dẹ̀ ẹ́. Á máa jù ú fúnra rẹ̀. Gígé ṣóńṣó apá bí ìka, bíi ti igún, èmi ò sí níbẹ̀ mọ́: ìka tí kò ní igi nínú a máa gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, á sì máa fa káìtì sẹ́yìn.

Èyí tó fò dáadáa fún mi kò ní ojú, kò ní ìyẹ́ kankan lára. Ọ̀rá dúdú ni, ó sì rí bí ohun tí wọ́n yà lójú ẹsẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo sún òrùka ìjánu rẹ̀ síwájú lọ́jọ́ náà. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo dẹ okùn, ó tẹ imú sílẹ̀, ó yọ́ lọ sórí igi kan lápá ọ̀tún mi, ó rọra dà, ó sì dúró lójú kan. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ti ń dún nínú igi náà láti àárọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà gbogbo wọn tú jáde láti ìsàlẹ̀ igi, wọ́n fò lọ.